Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Ará Ilé Kún Ìwádìí Ńlá Lórí Ìtọ́jú Àrùn Ìgbàgbé: Ìtọ́sọ́nà fún Olùṣèwádìí n'Ìbàdàn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń bá wa lọ sí àdúgbò kì í yé béèrè: "Ènìyàn 400 ti dáhùn ìwé ìbéèrè wa, a sì ti ka èsì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kí la tún ń jókòó ti ènìyàn 20 fún?"

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé ìbéèrè máa ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ni olùtọ́jú. N'Ìbàdàn níbí, ìtọ́jú àgbàlagbà kì í sábà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọmọ tó wà l'Ékòó ló ń fowó oògùn ránṣẹ́. Ìyàwó ilé ló ń wẹ̀ fún màmá. Ọmọ-ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC ló ń jí lóru nígbà tí màmá bá ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri pé òun fẹ́ lọ sọ́jà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ ni ẹ ó kọ sílẹ̀.

Mi ò fi ojú kéré òǹkà. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn ní 1992, tí wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis l'Amẹ́ríkà, rí i pé láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, àrùn ìgbàgbé (dementia) ń bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn 1.35 nínú 100 lọ́dọọdún níbí, ó sì jẹ́ 3.24 lọ́hùn-ún. Kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó lè fún yín ní irú èsì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì náà kò lè sọ fún yín ẹni tó ń jí lóru, àti ohun tó ń ná an.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ipò tí ọ̀rọ̀ ẹnu yóò wà

Ibi mẹ́ta ló lè bọ́ sí nínú ìwádìí ńlá:

- Ṣáájú ìwé ìbéèrè. Ẹ lọ gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú kí ẹ tó kọ ohun tí ènìyàn 400 yóò dáhùn. Ó ṣe pàtàkì bí ìwé ìbéèrè tí ẹ fẹ́ lò bá ti ìlú mìíràn wá.
- Láàárín. Bí ẹ bá ń dán ètò kan wò, bíi kíkọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ẹni tó máa ń rìn jáde láìmọ ọ̀nà padà, ẹ bá àwọn tó ń wá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá àwọn tó ti dẹ́kun wíwá lọ sílé wọn.
- Lẹ́yìn. Òǹkà ti jáde, ohun kan nínú rẹ̀ sì rú yín lójú.

Bí owó bá kéré, ẹ mú ọ̀kan. Ní tèmi, èyí tó kẹ́yìn ló máa ń so èso jù fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wá. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú ètò. Ẹ fi ìbéèrè yìí sínú ìwé ìyọ̀ǹda àkọ́kọ́: "Ṣé ẹ gbà kí á tún padà wá bá yín sọ̀rọ̀ tó bá yá?" Ẹni tí kò bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí i, ẹ kò láṣẹ láti tún lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìbéèrè ìwádìí tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. "Kí ni èrò àwọn olùtọ́jú nípa ìtọ́jú?" kò lórí, kò nídìí. "Ní àwọn ilé tí àgbà kì í ti í sùn lóru, báwo ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ òru, ta ló sì ń pinnu pé ó tó kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn?" ni ẹ lè dáhùn. Bí ìbéèrè bá ti fẹjú jù, ẹ ó padà sílé pẹ̀lú ohùn rẹpẹtẹ tí ẹ kò ní mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe.

## Ìgbésẹ̀ 2: Àṣẹ àti ìyọ̀ǹda

Ẹ gbé ìwé yín lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní UI/UCH (Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀), tàbí ti iléeṣẹ́ ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè nìkan, àṣẹ yẹn kò kan ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ kọ àtúnṣe, kí ẹ sì dúró de èsì rẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 náà kàn yín: ọ̀rọ̀ ìlera àti ohùn ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń jù sílẹ̀ lórí fóònù ẹni.

Àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe ṣì ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un ní gbólóhùn kéékèèké, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Bí kò bá lè dá pinnu mọ́, ẹbí lè gbà fún un, ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ̀, ó kọ̀ náà nìyẹn. Kò dìgbà tó bá pariwo. Bó bá ń yí ojú kúrò, tó ń ti rẹ́kọ́dà sẹ́yìn, tàbí tó ní "ẹ máa lọ, ó dàbọ̀", ẹ palẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà lọ ni kí ẹ tún béèrè.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni ètò fún ewu. Ẹ lè dé ilé kan kí ẹ bá bàbá tí wọ́n fi okùn so mọ́ àga kó má bàa jáde. Olùtọ́jú lè sọ fún yín pé ayé ti sú òun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì: ta ni ẹ ó pè, ìgbà wo, kí ni ẹ ó sọ fún ẹbí. Kí ẹ sì ti sọ fún olùdáhùn kó tó lanu pé ẹ ó bo àṣírí rẹ̀, àfi ibi tí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu. Kò dára kí ẹ jẹ́ kó tú gbogbo inú rẹ̀ tán kó tó mọ èyí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Wíwọ agboolé

Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Ìdíkàn, Fóòkò, Bẹẹrẹ àti Ọjẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Mọ́gàjí, olórí agboolé. Ní Bódìjà tàbí Akòbọ̀, ẹgbẹ́ onílé àti olóyè àdúgbò lè tó. Ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera àwọn àgbà àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ni ẹ bá wá. Ẹ má ṣe dárúkọ ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ má sì sọ ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni.

Mò ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ó lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Obìnrin àgbà tó ń rìn káàkiri lóru, tó ń sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni, tàbí tó ń "jẹ́wọ́" ohun tí kò ṣe, kò pẹ́ tí àwọn kan yóò fi pè é ní àjẹ́. Bí ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí lára bá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn aládùúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹ má wọ aṣọ funfun dókítà.

Nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ máa ń pe ohun tó ń ṣe màmá?" Orúkọ tí wọ́n bá pè é ni kí ẹ máa lò títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí "ó ti ń ṣarán" ti ẹnu rẹ jáde níwájú ọmọ tí wọ́n bí.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an

Ibí ni iṣẹ́ wà. Kí ẹ tó yan ẹni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀, ẹ ya tábìlì kékeré kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn méjì ó kéré tán:

1. Ta ló jí wọn láàárọ̀ yìí? Ta ló wẹ̀ fún wọn?
2. Ta ló se oúnjẹ, ta ló sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́?
3. Bí wọ́n bá tọ̀ sára, ta ló ń fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì?
4. Yàrá ta ni wọ́n ń sùn? Ta ló gbọ́ nígbà tí wọ́n dìde lóru àná?
5. Owó ta ni wọ́n fi ra oògùn kẹ́yìn?
6. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé wọn lọ sí UCH lọ́la, ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè?

Ẹ óò rí i pé ẹni tó ń pinnu, ẹni tó ń sanwó, àti ẹni tó ń fọwọ́ kan ara àgbà náà kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Bí ìdáhùn àwọn méjì tí ẹ bi bá yàtọ̀, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀kan ń purọ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn gan-an jẹ́ dátà.

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ipò wọn kò dọ́gba. Ẹ yan àwọn ilé náà láti inú orúkọ tó wà nínú ìwádìí ńlá, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn lè so òǹkà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ mú díẹ̀ nínú àwọn tí òǹkà ìnira wọn (bí ìwé ìbéèrè ṣe wọn bí ìtọ́jú ṣe ń ni wọ́n lára tó) ga, díẹ̀ nínú àwọn tó wà lágbedeméjì, àti díẹ̀ nínú àwọn tó lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré bá àwọn tó ń sunkún nìkan. Àwọn tó ní "kò sí wàhálà" ló máa ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Ẹ ṣọ́ra fún ilé ìwòsàn. Ó rọrùn láti rí ènìyàn ní ibùdó ìtọ́jú àgbà Chief Tony Anenih ní UCH, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dé ibẹ̀ ni àwọn tó ní owó ọkọ̀ àti ẹni tí yóò mú wọn lọ. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú inú ilé ni ẹ ń wádìí, ẹ gbọ́dọ̀ wá àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí.

Ènìyàn mélòó? Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ pé 12 ti tó. Ìwádìí tí òǹkà yẹn ti wá, tó jáde ní 2006, lo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 pẹ̀lú àwọn obìnrin ní Gánà àti Nàìjíríà, àwọn olùdáhùn náà sì jọra wọn gidi. Ìyàwó ilé, ọmọ ọkùnrin àgbà àti ọmọ-ọmọ kò jọra. Ẹ ka ipò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ dá dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ tuntun kò bá jáde mọ́ láti ipò yẹn.

Bí olùtọ́jú bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́, kí ẹ sì gba tirẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ rò ó dáadáa: ẹni tó gbà á síṣẹ́ lè máa gbọ́ láti yàrá kejì.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìjókòó

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ ni "A dúpẹ́." Èkejì ni "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu." Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n rọra pa dé ni wọ́n. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í ráhùn ìyá rẹ̀ fún àlejò. Bí ẹ bá béèrè pé "Ṣé ó ń ni yín lára?", ẹ ti fi í sí ipò tó gbọ́dọ̀ ti sọ pé rárá. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́, ẹ má bi í léèrè ìráhùn:

- "Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bí ọjọ́ àná ṣe lọ, láti ìgbà tí ẹ jí."
- "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ fura pé nǹkan ti ń yí padà? Kí lẹ rí?"
- "Nígbà náà, kí làwọn ará ilé sọ? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò?"
- "Kí lẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò lè ṣe mọ́?"
- "Ibo lẹ ti gbé wọn dé láti wá ìwòsàn?" Ẹ má yọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ilé oníṣègùn sílẹ̀, ẹ má sì fi ojú dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.
- "Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́la, kí lẹ ó sọ fún un?"

Èyí tó kẹ́yìn ṣeyebíye. Ẹni tí kò lè ráhùn fún ara rẹ̀ lè kìlọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè. Bó bá ní "a dúpẹ́", ẹ bá a dúpẹ́, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá ní, "Ní alẹ́ àná ńkọ́?"

Ìṣòro kejì ni pé ó ṣòro kí ènìyàn dá wà nínú agboolé. Ìyá ọkọ ń kọjá, aládùúgbò wá kí wọn, wọ́n sì bá yín jókòó. Má ṣe lé ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí olùtọ́jú yan ibi tí ara yóò ti tù ú: ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ omi, tàbí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń já ẹ̀fọ́. Bí ẹnì kan bá jókòó tì yín dandan, ẹ bi í ní ìbéèrè tirẹ̀, kí ẹ fi àwọn tó wúwo pamọ́ di ìgbà mìíràn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ ó nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 7.

Ní ti àgbà fúnra rẹ̀, àárọ̀ ló dára jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iyè wọn máa ń dàrú sí i bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí ojú yín, kí ẹ béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú 20 ti pọ̀ tó. Má ṣe béèrè pé "Ṣé ẹ rántí mi?", ìtìjú lásán nìyẹn ń fà. Àwòrán àtijọ́, aṣọ òkè, tàbí irinṣẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà èwe lè ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín ní orúkọ ẹni tó ti kú, ẹ má jiyàn.

## Ìgbésẹ̀ 6: Láti ohùn sí ìwé

- Ẹ lo rẹ́kọ́dà méjì. Ẹ bẹ onílé kó sún jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn, tàbí kí ẹ sún ara yín.
- Ẹ gbé ohùn sórí kọ̀ǹpútà tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí rẹ́kọ́dà.
- Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀rín àti ìmí ẹ̀dùn. Ẹ fi àmì ohùn sí i níbi tí ìtumọ̀ bá lè yí.
- Ẹ yọ orúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́: oríkì, orúkọ agboolé, oyè ìdílé àti iṣẹ́ bàbá ńlá lè tú ènìyàn síta fún ẹnikẹ́ni tó mọ Ìbàdàn. Oríkì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú gbogbo ìwé.

Má ṣe tú gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtúpalẹ̀. Òwe àti ọ̀wọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ nù. Ẹ ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá, kí ẹ tú kìkì ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fà yọ nínú ìjábọ̀, kí ẹnì kejì sì yẹ ìtúmọ̀ náà wò.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ìtúpalẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pàdé òǹkà

Ẹni méjì ni kó ka ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ kókó tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n wá jókòó bára wọn jiyàn. Taguette, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàmì sí kókó nínú ọ̀rọ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́, Excel náà sì tó. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá yín ronú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya tábìlì tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ilé kan: òǹkà lápá kan, ọ̀rọ̀ lápá kejì, ohun tí méjèèjì jọ sọ lápá kẹta. Bí tábìlì yìí kò bá sí, ìwádìí méjì tó ń gbé inú ilé kan láìkíra wọn ni ẹ ní.

Ká ní ìwé ìbéèrè Zarit, tí wọ́n fi ń wọn ìnira olùtọ́jú, ni ẹ lò. Ìbéèrè 22 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 sí 4, gbogbo rẹ̀ 88. Ìyàwó ilé kan gba 15, èyí tí wọ́n máa ń kà sí ìnira díẹ̀ tàbí àìsí ìnira rárá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì, kò sì rí oorun sùn. Má ṣe sáré mú ọ̀kan jù nù. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò:

1. Ta ló jókòó níbẹ̀ nígbà tó ń dáhùn ìwé ìbéèrè?
2. Ṣé òun ló dáhùn, àbí ọkọ rẹ̀ dáhùn fún un?
3. Ṣé ohun tí ìwé náà ń pè ní ìnira ni òun ń pè ní ojúṣe?

Bí ìdí kẹta bá ń jáde láti ilé dé ilé, ẹ ti rí nǹkan tó kọjá ilé kan: òǹkà gbogbo ìwádìí ńlá náà lè kéré ju bí nǹkan ṣe rí lọ. Ẹ kọ ọ́ síwájú ìjábọ̀, ẹ má fi pamọ́ sí ìparí.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ aládùn mẹ́ta láti fi ṣe tábìlì òǹkà lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n sì pe ìyẹn ní ìtúpalẹ̀.
- Kí wọ́n sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ènìyàn 20.
- Kí ẹni tó ń béèrè máa ṣe dókítà láàárín ìjókòó. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ ní ẹ ó dáhùn lẹ́yìn, kí ẹ sì tọ́ka ilé ìwòsàn fún wọn.
- Kí wọ́n kó ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ rẹ̀ pọ̀ sínú ìjíròrò ẹlẹ́gbẹ́ kan. Ẹnì kan ni yóò sọ̀rọ̀.
- Kí wọ́n má gbèrò fún àwọn tó ń tẹ ohùn. Wákàtí kan ohùn lè gba ọjọ́ iṣẹ́ kan, ìtàn rẹ̀ sì máa ń wúwo lọ́kàn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

## Bí owó tàbí àkókò kò bá tó

Ẹ fi ìbéèrè méjì tí kò ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" sí ìparí ìwé ìbéèrè, kí ẹ gba ohùn ìdáhùn sílẹ̀. Fún àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, fóònù tó. Fún ẹni tí kò lè jókòó pẹ́, ẹ lè ní kó máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ ra dátà fóònù fún un, kí ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe ń pa á rẹ́. Má ṣe lò ó níbi tí gbogbo ilé ti ń lo fóònù kan.

## Kí ẹ tó jáde láàárọ̀

- [ ] Lẹ́tà àṣẹ àti ìwé ìyọ̀ǹda ní Yorùbá; páàdì ìtẹ̀ka àti ẹlẹ́rìí fún ẹni tí kò lè kọ̀wé
- [ ] Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé náà láti inú ìwádìí ńlá, láìsí orúkọ lórí rẹ̀
- [ ] Tábìlì iṣẹ́ ilé tó ṣófo
- [ ] Rẹ́kọ́dà méjì, bátìrì tó kún
- [ ] Owó ọkọ̀ tàbí ẹ̀bùn kékeré tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, kó má pọ̀ débi pé kò ní lè kọ̀
- [ ] Ẹ ti yẹra fún ọjọ́ ọjà wọn, ọ̀sán Jímọ̀ àti àárọ̀ Sunday
- [ ] Ẹnì kan ní ọ́fíìsì mọ ilé tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó padà
- [ ] Nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ ó pè bí ewu bá wà, lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù nìkan